Ọ̀rọ̀ Tí Kò Ṣeé Gé

Kí Igbẹ́kọ̀yí tó dé ayé, ọmọ mẹ́ta ni ìyá rẹ̀, Ọ̀ṣuntókí, ti bí, tó sì ti sin. Nígbà tí ìkẹrin wá jẹ́ obìnrin, tó sì rékọjá oṣù tí àwọn yòókù fi ń kú, Fágbénró baba rẹ̀ sọ ọ́ ní orúkọ tí a fi ń sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé igbó tí à ń gbé òkú sí ti kọ̀ ọ́, kó yáa jókòó ti àwa. Ọdún bíi méjì kí Tógò tó gba òmìnira ni èyí ṣẹlẹ̀, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Agbonou, níbi tí àwọn Ifẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Tógò, ti ń gbin iṣu àti òwú.

Ọmọ náà yè. Ẹnu rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Bó bá bá ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà Anié tó sì padà wálé, tó ń ròyìn ohun tójú rẹ̀ rí, àwọn àgbà á dá iṣẹ́ dúró láti gbọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀: kò gbọ́ ẹnà.

Bí àwọn ọmọdé bá fẹ́ sọ ohun tí wọn kò fẹ́ kí àgbà gbọ́, wọn á gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, wọn á sì máa fi ìró mìíràn há a láàárín. Wọ́n fẹ́ sọ pé “wá síbí,” wọn á ní “wágá sígíbígí.” Kò sẹ́ni tó ń kọ́ wọn. Ọmọ tó bá ti ń gbọ́ ọ fúngbà díẹ̀ á kàn ṣàdédé máa fọ̀ ọ́ ni. Igbẹ́kọ̀yí nìkan ló ń dúró láàárín wọn bí àjèjì. Olúgbódi, ọmọ ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀, ọmọkùnrin tó ní ìka mẹ́fà lọ́wọ́ kan, ṣàánú rẹ̀ lọ́jọ́ kan lábẹ́ igi èmì, ó ní òun á kọ́ ọ.

“Kọ́kọ́ gé e,” ni Olúgbódi wí. “Wá. Sí. Bí.”

“Wá síbí,” ni Igbẹ́kọ̀yí wí.

“Mo ní kó o gé e.”

Igbẹ́kọ̀yí wá ibi tí òun ìbá ti gé e, kò rí i. Ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀ lódindi, bí ẹyin tí kò ní ojú oríkèé. Ó tún sọ pé “wá síbí,” àwọn tó kù sì ya sẹ́rìn-ín. Látọjọ́ náà ló ti kọ́ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn yòókù bá rẹ́rìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé òun kò bá wọn dé ibi tí wọ́n dé.

Fágbénró ló pinnu pé ọmọ náà á lọ sílé ìwé. Àwọn ará abúlé ní kí ni obìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe, pàápàá ọmọ kan ṣoṣo tó kù. Fágbénró ní ọ̀kan ṣoṣo tó kù yẹn gan-an ni òun torí rẹ̀ ń rán an lọ. Ó gbà pé ilé tí ọ̀mọ̀wé bá wà, ikú á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ ibẹ̀. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró lọ́dún kẹfà òmìnira, ó mú un lọ́wọ́ lọ sílé ìwé alámọ̀ tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lẹ́bàá ọ̀nà.

Maurice lorúkọ olùkọ́ ibẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tinrín ni, ará etí òkun, tó ń fọ Faransé fáwọn ọmọ, tó sì ń bá àwọn òbí sọ èdè Ewé tí wọ́n fi ń nájà, nítorí kò gbọ́ Ifẹ̀. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó máa ń jí kùtùkùtù gbá yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, ó sì ń fi aṣọ tirẹ̀ nu ikun nímú ọmọ tó bá kéré jù. Ṣùgbọ́n oko sú u. Gbogbo ìrètí rẹ̀ ni pé kí àwọn ọ̀gá gbọ́ pé òun ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí wọ́n sì gbé òun lọ sí ìlú ńlá.

Ọ̀nà tó ń gbà kọ́ wọn kò le lójú tirẹ̀. Á pe ọ̀rọ̀ kan, àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́ sí i bí ó ṣe ń já. Bàtó, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì rí rí. Bà, pàtẹ́wọ́. Tó, pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn á wá já bà pàápàá sí méjì, wọn á sọ èyí tó ṣáájú, wọn á sì fi ẹfun kọ àmì rẹ̀ sí síléètì. Kí ọyẹ́ tó parí, àwọn tó pọ̀ jù ti mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ Igbẹ́kọ̀yí kì í bá tiwọn mu. Bí wọ́n bá pa tiwọn lẹ́ẹ̀mejì, òun á pa tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Kì í ṣe pé kò gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pe bàbá, kò ní gba pápá lọ. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀, bí èèyàn ṣe mọ̀ pé ojú ìyá òun kì í ṣe ojú ìyá aládùúgbò, láì jókòó ka irun ìpéǹpéjú wọn. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ní kó sọ ohun tó ṣáájú nínú bàbá, ohun kan ṣoṣo tó ń rí níbẹ̀ ni baba rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú òógùn ọrùn rẹ̀ àti ọkọ́ tó gbé kọ́ èjìká. Bí wọ́n bá wá ń kọ ohun tí olùkọ́ ń pè, ìyẹn ló burú jù. Kó tó di orí ọ̀rọ̀ kan mú, ìrù rẹ̀ ti bọ́. Kó tó wá ìrù lọ, ọ̀rọ̀ mìíràn ti dé.

Olùkọ́ Maurice kọ́kọ́ rò pé adití ni. Lọ́jọ́ kan, ó yọ́ lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ní Ewé pé àkeekèé wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Igbẹ́kọ̀yí fò sókè. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó rí kọ́ ni pé etí ọmọ náà mú bí ti àpárò. Ọmọ tó bá sì ń gbọ́ tó báyìí tí kò dáhùn, a jẹ́ pé kò fẹ́ dáhùn ni. Ọjọ́ náà ni ẹgba bẹ̀rẹ̀.

Nílé, Ọ̀ṣuntókí gbà pé ẹgbẹ́ ọmọ náà lọ́run ni wọn kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀, pé àwọn ló ń sọ̀rọ̀ sí i létí nígbà tí olùkọ́ bá ń sọ tirẹ̀. Ó dín àkàrà, ó gé ìrèké, ó pe àwọn ọmọdé àdúgbò jọ láti jẹ ẹ́. Fágbénró ní tirẹ̀ lọ bá olùkọ́, ó ní kó má ṣe dá a sí, nítorí ọmọ tí a bá kẹ́ jù ni ń bàjẹ́.

Igbẹ́kọ̀yí wá ọgbọ́n ti ara rẹ̀. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá ń ka ìwé sókè, òun lè gbá ojú ewé náà mú látòkè délẹ̀ bí ẹni ń kọ́ àlọ́, àwòrán tó wà níbẹ̀ á sì máa rán òun létí. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, bí wọ́n bá ní kó kàwé, á mú ìwé rẹ̀ dání, á sì máa kà á lọ geere, ohùn rẹ̀ á máa dún bí aago. Olùkọ́ kò mọ̀. Ó rò pé ẹgba ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀, ó mú un wá jókòó níwájú. Igbẹ́kọ̀yí náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́ pé bóyá bí gbogbo èèyàn ṣe ń kàwé nìyẹn.

Nígbà tí alábẹ̀wò ilé ìwé wá láti Atakpamé, òun ni Maurice kọ́kọ́ pè. Ó wọ ṣòkòtò funfun lọ́jọ́ náà, ó sì to àwọn ọmọ kalẹ̀ láàárọ̀ bí ẹni ń to iṣu sọ́jà. Igbẹ́kọ̀yí dìde, ó ka ojú ewé rẹ̀, kò kọsẹ̀ níbì kan. Inú alábẹ̀wò dùn. Ó lọ síbi pátákó, ó mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin nínú ojú ewé kan náà, ó dà wọ́n rú, ó kọ wọ́n, ó sì ní kó kà wọ́n fún òun.

Igbẹ́kọ̀yí wo pátákó. Kò sí àwòrán níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú ewé náà látòkè.

Alábẹ̀wò dá a dúró, ó tún tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Igbẹ́kọ̀yí tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ̀rín náà sì ràn dé iwájú. Alábẹ̀wò kò bínú. Ó rọra wo Maurice, ó kọ nǹkan sínú ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Erùpẹ̀ mọ́tò náà kò tíì rọlẹ̀ tí Maurice fi padà wọlé. Kò wá pàṣán. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọmọ náà létí òsì pẹrẹsẹ. Igbẹ́kọ̀yí kò gbọ́ ìró ìgbájú náà. Ohun tó gbọ́ ni bí ìgbà tí nǹkan ya nínú orí rẹ̀, bí aṣọ tó gbó, lẹ́yìn náà ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po.

Ibà mú un lọ́sẹ̀ náà. Ọyún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde létí rẹ̀, òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sùn tì í àfi ìyá rẹ̀. Wọ́n fi ewé tọ́jú rẹ̀ títí, ibà kò lọ, ni Fágbénró bá pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó gbé e lọ sílé ìwòsàn Atakpamé. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní awọ inú etí náà ti fàya, àti pé àìtètè gbé e wá ti jẹ́ kí egbò jẹ wọnú. Ó ní ibà á lọ, ṣùgbọ́n etí yẹn kò ní gbọ́ mọ́.

Nígbà tí ọmọ náà lè rìn, Fágbénró mú un lọ́wọ́ lọ bá olùkọ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi àdá rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Wọ́n bá Maurice lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ tó ń ṣa ìrẹsì. Ó dìde, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ sí.

“Ọ̀gá,” ni Fágbénró wí ní Ewé, “ọmọ tó ní etí méjì ni mo mú wá fún yín.”

“Mo rò pé ó ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni, Baba. Ó ń gbọ́. Mo dán an wò fúnra mi, ó ń gbọ́ dáadáa.”

“Ó ń gbọ́ nígbà yẹn.”

Igbẹ́kọ̀yí dúró sápá kan, ó yí orí kí etí ọ̀tún rẹ̀ lè kọjú sí wọn. Ó ń retí pé kí ẹnì kan bi òun léèrè ìdí tóun kò fi ka pátákó. Kò sẹ́ni tó bi í. Maurice ń sunkún, ìrẹsì sì ń dà sílẹ̀ nínú àwo tó tẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Fágbénró wò ó títí, ó ní “ó dáa,” ó sì fa ọmọ rẹ̀ lọ. Ọmọ náà kò padà sílé ìwé mọ́. Nígbà tí ìsinmi ọdún náà dé, wọ́n gbé Maurice lọ sí ìlú ńlá tó ti ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí.

Láti ìgbà náà, Fágbénró kò sọ̀rọ̀ ìwé nínú ilé mọ́. Kò bá ọmọ wí, kò sì dá a láre. Igbẹ́kọ̀yí fi ìdákẹ́jẹ́ náà ṣe ìdájọ́: ó gbà pé òmùgọ̀ lòun, pé òun ló fi ìwà òmùgọ̀ òun ba ìrètí baba òun jẹ́. Ó dàgbà, ó fẹ́ bíríkìlà kan tó ń jẹ́ Émile ní Agbonou, ó ń dín gàrí tà lẹ́bàá ọ̀nà. Oníbàárà tó bá ti apá òsì pè é, ó lè pè é títí kó bínú lọ. Ó bí ọkùnrin méjì tí ìwé kò ni lára. Fúnkẹ́ ló bí gbẹ̀yìn.

Fúnkẹ́ ń lọ bí ọmọ ọdún méje nígbà tí Igbẹ́kọ̀yí ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí àwọn ọmọ sì ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnà ni wọ́n ń fọ̀. Ó gbójú sókè, ó rí Fúnkẹ́ láàárín wọn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Fúnkẹ́ wo ojú wọn káàkiri, lẹ́yìn náà ló wá rẹ́rìn-ín tirẹ̀.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Igbẹ́kọ̀yí. Ó mọ ẹ̀rín yẹn.

Kò dúró de ohun tí ilé ìwé yóò sọ. Ó gbọ́ pé ọkùnrin kan wà ní Atakpamé, Eugène lorúkọ rẹ̀, tó kàwé lókè òkun nípa àwọn ọmọ tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa, tó sì ń kọ́ wọn ní yàrá kan lẹ́yìn ọjà. Ó mú Fúnkẹ́ lọ bá a, ó ní kó bá òun wo etí rẹ̀. Eugène wò ó, ó ti ìlẹ̀kùn, ó lu nǹkan níbí, ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún, ó sì ní etí ọmọ náà kò ní àbùkù kankan. Ọmọ Ifẹ̀ lòun náà, nítorí náà ó bá a sọ̀rọ̀ lédè ilé. Ó ní ṣé “ilé” àti “ilẹ̀,” ọ̀kan náà ni.

“Rárá,” ni Fúnkẹ́ wí.

“Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀?”

“Ọ̀kan là ń gbé inú rẹ̀, ọ̀kan là ń tẹ̀.”

Eugène rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó pe bàtà, ó ní kí ọmọ náà ju bà nù, kó sọ ohun tó kù. Fúnkẹ́ ronú títí, ó ní ẹsẹ̀ ló kù. Ni Eugène bá yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ṣàlàyé. Ó ní etí ń gbọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ọpọlọ ti ń tú ohun tí etí gbé wá ni iṣẹ́ wà. Ó ní ti ọ̀pọ̀ ọmọ a máa tú ọ̀rọ̀ sí ìró kọ̀ọ̀kan láìsọ fún wọn. Ti àwọn mìíràn kì í tètè rí ojú ibi tí ìró kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kò ní ohun mìíràn tó lè so mọ́ ju àwọn ìró wọ̀nyẹn. Kì í ṣe òmùgọ̀, kì í ṣe agídí. Ó máa ń rìn nínú ìdílé. A lè fi sùúrù kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹgba kò lè kọ́ ọ.

Igbẹ́kọ̀yí ní kó dúró. Ó ní kó bi òun náà ní irú ìbéèrè yẹn. Eugène ní ẹni tí kò kàwé, ìró kọ̀ọ̀kan lè ṣòro fún un láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe é. Nígbà náà ló sọ ti ẹnà fún un, ti ọwọ́ tí kò bá ti àwọn yòókù mu, àti ti pátákó ọjọ́ tí alábẹ̀wò wá. Eugène gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo etí òsì rẹ̀, kò sì wádìí mọ́.

“Ìyá Fúnkẹ́,” ó wí, “kò dá mi lójú, n kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jọ pé bó ṣe rí nìyẹn.”

Ó rò pé inú obìnrin náà á dùn. Igbẹ́kọ̀yí jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Láti ọjọ́ tó ti ń gbé etí kan kiri, ohun tó ń tù ú nínú ni pé òun ṣẹ̀ kí wọ́n tó lu òun. Wọ́n ti gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń mú Fúnkẹ́ lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ni Eugène fi ń kọ́ ọ. Ó ń to òkúta kan fún gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti já, ó ń mú kó fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ sí i, kó fi ọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀ láti mọ bó ṣe ń wálẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọmọ náà gé bàtà sí méjì. Ó sáré sọ fún gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà.

Ìyanṣẹ́lódì ńlá bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ilé ìwé tì, ọjà tì, ṣọ́jà ń yìnbọn ní Lomé, àwọn èèyàn sì ń di ẹrù gba ọ̀nà Benin lọ. Ọjọ́ tí Igbẹ́kọ̀yí rọ́nà lọ sí Atakpamé, àgádágodo ló bá lẹ́nu yàrá Eugène. Àwọn ará ọjà ní ó ti sá lọ, wọn kò mọ ibi tó forí lé. Kò padà wá.

Igbẹ́kọ̀yí ṣa òkúta, ó gbìyànjú láti máa kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé. Fúnkẹ́ á to òkúta kalẹ̀ fún ìkòkò, á gbójú sókè, á ní, “Ìyá, ṣó pé?” Ìyá rẹ̀ á wo òkúta náà, kò ní mọ̀ bóyá ó pé. Nígbà mìíràn á ní ó pé. Nígbà tí ọmọ náà fura pé ìyá òun kò mọ̀ ọ́n, òun fúnra rẹ̀ kó òkúta náà dànù.

Ilé ìwé ṣí padà, Igbẹ́kọ̀yí sì lọ bá olùkọ́ wọn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Isidore. Ó kúnlẹ̀ fún un, ó tún àlàyé Eugène ṣe bó ṣe lè rántí rẹ̀ tó. Isidore fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní ọmọ tó wà níwájú òun pọ̀ ju èyí tóun á máa fi òkúta kọ́ ẹnì kan lọ. Igbẹ́kọ̀yí ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun kan ṣoṣo lòun tọrọ, kó má ṣe fi ọwọ́ kan orí rẹ̀. Isidore ṣèlérí, ó sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó gbé Fúnkẹ́ lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn, kò nà án, kò pè é, kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Ibẹ̀ ni ọmọ náà jókòó sí lọ́dọọdún, àwọn tó kéré sí i ń bá a níbẹ̀, wọ́n ń fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ka orúkọ àwọn tó yege ìdánwò ìwé mẹ́fà, èyí tí Fúnkẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ìyá àti ọmọ jọ dúró ní gbàgede ilé ìwé títí wọ́n fi ka orúkọ tó gbẹ̀yìn. Wọ́n gba ọ̀nà ilé. Oòrùn mú.

“Ìyá, kí ni mo ṣe?”

Igbẹ́kọ̀yí dúró, ó yíjú sí i kó lè rí ẹnu rẹ̀ dáadáa.

“Kò sí ohun tí o ṣe.”

“Kí ló dé tí wọn kò pè mí nígbà náà?”

“Wọn kò kọ́ ọ ni. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń kọ́ ọ ti lọ, èmi ò sì mọ̀ ọ́n.”

Fúnkẹ́ sunkún lójú ọ̀nà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ kò ní kó dákẹ́. Nígbà tó sunkún tán, wọ́n tún ń lọ.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, Fúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ kan ní Agbonou. Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì pẹ́ táwọn oníbàárà fi ń béèrè rẹ̀ lórúkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé wá pé kó ka ohun tí wọ́n kọ sí i fún un, Fúnkẹ́ á ní ojú ń dun òun.